Ọmọ tí kì í dáhùn sí orúkọ rẹ̀: báwo ni olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ṣe ń mọ ẹ̀kọ́ ilé yàtọ̀ sí àléébù?

Olùkọ́ Agége béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà lẹ́nu iṣẹ́ yìí àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi. Ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Agége ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 3 sí 5, a kò sì jìnnà sí àdúgbò àwọn Haúsá. Ọmọ 38 ni ó wà níwájú mi ní sáà yìí. Àwọn ọmọ Yorùbá ni ó pọ̀ jù, àwọn ọmọ Haúsá àti Fúlàní ni ó tẹ̀ lé wọn, àwọn ọmọ Ìgbò tó mẹ́jọ, ọmọ Ègùn méjì wà níbẹ̀, àwọn ìbejì kan sì wà tí bàbá wọn jẹ́ ará Ẹdó, tí ìyá wọn jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú. Mo kà wọ́n báyìí kí ẹ lè mọ irú agbo tí mo dúró sí.

Ọ̀rọ̀ tí ó gbé mi wá ni ti ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rin kan tí wọ́n mú wá ní ọ̀sẹ̀ kejì sáà. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, bẹ́ẹ̀ orúkọ náà gan-an ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Láràárọ̀ tí mo bá ń pe rẹ́jísítà, tí mo bá kan orúkọ tí wọ́n kọ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀, ilẹ̀ ni yóò máa wò. Kò ní dáhùn, kò ní gbójú sókè, àfi bí ẹni pé ọmọ ilé-ìwé mìíràn ni mo ń pè. Mo pè é láti ẹ̀yìn, mo pè é láti ẹ̀gbẹ́, mo tilẹ̀ ju ìdérí agolo mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń gbọ́ràn, ó sì yíjú wò ó kíá. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá mú un lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bi í léèrè ohun tí wọ́n ń pe ọmọ náà nílé. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fa ìborùn bo ẹnu, ó ní, "Ọmọ yìí ṣá," ó sì fà á lọ́wọ́ lọ. Kí n má purọ́, inú bí mi. Mo rò pé kò kà mí sí ni.

Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni mo kọ ọ́ sínú ìwé àkíyèsí mi pé kì í dáhùn sí orúkọ rẹ̀, kì í wo ojú ẹni tí ó ń bá a sọ̀rọ̀, kì í sì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ìwé kan tí ẹnì kan tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ilé-ìwé pín fún wa, ni mo ń tẹ̀ lé. Ohun tí ìwé náà sì sọ ni pé bí irú àmì mẹ́ta bẹ́ẹ̀ bá pé jọ, kí n fa ìlà sábẹ́ wọn kí n sì fi tó ọ̀gá létí. Mo ti fa ìlà náà. N kò tíì fi tó ọ̀gá létí.

Ohun tí ó dá mi dúró ni pé ní ọjọ́ kejì, ọmọ náà dìde, ó wá ń fa aṣọ mi, ó ń sọ pé "fitsari, fitsari". Mo ní kí ó lọ jókòó. Ó tún padà wá, mo tún dá a padà. Kò pẹ́ tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lórí ẹní, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́dẹ wa ni ó sọ fún mi pé ìtọ̀ ni àwọn ń pè bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí mo kọ nípa rẹ̀ pé kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójú mi. Èmi ni n kò gbọ́.

Lọ́dọọdún ni a ń ṣe Ọjọ́ Àṣà ní ilé-ìwé wa. Àwọn ọmọ á dé fìlà abetí-ajá, àwọn mìíràn á wọ aṣọ olórí kìnnìún ti àwọn Ìgbò, a ó jó, a ó ya fọ́tò, a ó jẹun. Láti ìgbà tí mo ti dé ẹnu iṣẹ́ yìí, mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àṣà ilé àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ tí ó sì parí sí. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo ni ẹ̀yin ń gbà mọ ohun tí ilé fi kọ́ ọmọ kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àléébù? Bí ó bá sì jẹ́ pé nǹkan ń ṣe ọmọ lóòótọ́, báwo ni ẹ ṣe ń mọ̀, kí ó má di pé a fi àṣà bo àìsàn mọ́lẹ̀?

Ìyá Olùkọ́, Ìbàdàn:

Olùkọ́ Agége, o kú iṣẹ́. Jẹ́ kí n máa pè ọ́ ní ọmọ mi, nítorí pé ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí ní Mọ́kọ́lá kí n tó fẹ̀yìn tì, àwọn tí mo kọ́ ní Á Bí Dí sì ti ń mú ọmọ tiwọn lọ sí ilé-ìwé báyìí. Láti ọdún 1916 ni àwọn Haúsá ti ní Sábó tiwọn ní Ìbàdàn, kò sì sí ọdún kan tí n kò ní ọmọ wọn nínú kíláàsì, síbẹ̀ ó gbà mí tó ọdún mẹ́rin kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí.

Ìyá ọmọ náà kò fojú di ọ́. Kunya ni àwọn Haúsá ń pe ohun tí o rí lójú rẹ̀. Ìtìjú ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtìjú ẹni tí ó ṣẹ̀. Ìtìjú ọmọlúàbí ni. Lọ́dọ̀ àwọn Haúsá àti Fúlàní tí wọ́n ṣì di àṣà àtijọ́ mú, obìnrin kì í dárúkọ àkọ́bí rẹ̀, kì í sì í gbé e jó tàbí kí ó máa kẹ́ ẹ lójú àwọn ènìyàn. Bí ó bá fẹ́ tọ́ka sí i, á ní "ọmọ yìí", tàbí kí ó fún un ní ìnagijẹ. O bi í léèrè, ó sì dá ọ lóhùn pé "ọmọ yìí ṣá". Gbogbo èsì tí ó lè fi ẹnu rẹ̀ fún ọ nìyẹn.

Ó tún ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ ni wọ́n sọ ọmọ náà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni yóò máa pariwo orúkọ àgbà káàkiri ilé nítorí pé ọmọdé da omi nù? "Baba" ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ obìnrin tí ó ń jẹ́ orúkọ ìyá-àgbà, ẹ lè gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní "Hajiya" láti ìgbà tí ó ti ń fà. Ọmọ lè pé ọdún mẹ́rin láìmọ̀ pé òun ni ó ni orúkọ tí ó wà lórí fọ́ọ̀mù. Bi bàbá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, má tún bi ìyá.

Kí a má wá ṣe bí ẹni pé Haúsá nìkan ni. Nígbà tí o dé ilé ọkọ, ǹjẹ́ o pe àbúrò ọkọ rẹ lórúkọ? Ìyàwó ilé tí kò lè dárúkọ àwọn ọmọ tí ó bá nílé ni ó sọ wọ́n di Ìbàdí-àrán, Adúmáadán, Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́. Àwọn Babátúndé tí a ń pè ní "Bàbá", àwọn Yétúndé tí a ń pè ní "Ìyá" ńkọ́? Mo ní ọmọ kan nígbà kan tí mo fi odindi ọ̀sẹ̀ méjì pè ní orúkọ òyìnbó tí ó wà lórí ìwé rẹ̀, tí ó ń wò mí bí ẹni wo àlejò. Ọjọ́ tí mo gbọ́ tí ìyá-àgbà rẹ̀ pè é ní Àjàní lẹ́nu géètì, tí èmi náà pè é bẹ́ẹ̀, ni ó sáré wá dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀.

Èyí tí ó dùn mí jù nínú iṣẹ́ mi kì í ṣe ti ọmọ àjèjì rárá. A gba ọmọ Dàda kan, irun orí rẹ̀ ta kókó láti inú ìyá rẹ̀ wá. Òfin ilé-ìwé ni pé kí gbogbo ọmọkùnrin gé irun mọ́lẹ̀, èmi ni mo sì kọ ìwé sí àwọn òbí rẹ̀ pé kí wọ́n gé e kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Èmi ọmọ Yorùbá, tí mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ni ó ń kan orí Dàda, tí mo mọ̀ pé ètò wà tí wọ́n ń ṣe kí abẹ tó débẹ̀! Ìyá-àgbà ọmọ náà wá bá mi. Kò pariwo. Ó kàn bi mí pé, "Àǹtí, ilé ta ni wọ́n ti tọ́ yín?" N kò rí èsì fọ̀. Òfin irun yẹn kò sí nínú ìwé kankan nílé mi, nínú ìwé ilé-ìwé ni mo ti bá a, mo sì gbé e lé orí ọmọ láìronú. (Àwọn Ìgbò náà ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, dada ni àwọn náà sì ń pè é.)

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìgbà náà ni pé bí òbí bá mú ọmọ wá, mo máa ń fi fọ́ọ̀mù sí ẹ̀gbẹ́ kan ná. Mo máa ń béèrè pé: bí ẹ bá fẹ́ kí ó wá jẹun, kí ni ẹ ń pè é? Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n, kí ni ó ń sọ? Kí ni ẹ kì í fún un jẹ? Ta ni ó ń sùn tì lálẹ́? Ìbéèrè tí ó kẹ́yìn yìí ni ó wúlò jù, nítorí pé ẹni tí ọmọ ń sùn tì ni ó ń sọ èdè rẹ̀, tí ó mọ ohun tí ó ń bà á lẹ́rù, lọ́pọ̀ ìgbà ni kì í sì í ṣe ẹni tí ó wá san owó ilé-ìwé.

Bàbá Ìbejì, Òṣogbo:

Mo bọ̀wọ̀ fún Màmá, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú mi, nítorí pé èmi ni mo ni ilé-ìwé kékeré kan, èmi ni mo sì ń san owó oṣù.

Ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ sọ pé ọmọ 25 ni kí ó wà lábẹ́ olùkọ́ kan ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ọmọ 38 ni ó wà níwájú arábìnrin yìí. Ìbéèrè mẹ́rin lọ́nà 38, lọ́wọ́ òbí tí ó gbé ọmọ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà ní aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó sì ti lọ! Ta ni yóò dá a lóhùn?

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ilé-ìwé náà ní ìwà tirẹ̀ tí ó yẹ kí ọmọ kọ́. Ní ọ̀dọ̀ mi, ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀, obìnrin ń kúnlẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ Ìgbò tàbí ọmọ Tiv, òbí kankan kò sì tíì wá bá mi jà. Ọmọ tí yóò gbé ìlú ni ó yẹ kí ó mọ bí wọ́n ṣe ń kí ará ìlú. Bí a bá ní kí kálukú máa ṣe tirẹ̀, ọjọ́ wo ni wọn yóò di ọmọ kíláàsì kan? N kì í gba ọwọ́ òsì náà, Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò sì fẹnu kò lórí ìyẹn.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé. Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ wa tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà. Wọ́n ní kí a má fún un ní kéèkì ọjọ́ ìbí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù ń jẹ, ó jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń sunkún. Títí di òní, mo ṣì rò pé àwọn òbí rẹ̀ ni ó fi ìyà yẹn jẹ ẹ́, kì í ṣe èmi.

Ìyá Olùkọ́, Ìbàdàn:

Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o, kò sí ìjà níbẹ̀. Òtítọ́ ni ẹ sọ lórí iye ọmọ, n kò sì ní èsì sí i ju pé n kì í bi gbogbo wọn lọ́jọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń parí rẹ̀, ọlọ́dẹ àti olóúnjẹ ilé-ìwé sì ń bá mi béèrè.

Ẹ kọ́ wọn ní ìdọ̀bálẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀. Ibi tí a ti lè pínyà ni bí ọmọ Ìgbò bá na ọwọ́ sí yín láti bọ̀ yín lọ́wọ́ bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ, tí ẹ sì gbá ọwọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní ti ọwọ́ òsì, ọwọ́ òsì tí ọmọ fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà yàtọ̀ sí ọwọ́ òsì tí ó fi di pẹ́ńsù mú. Mo ti rí olùkọ́ tí ó na ọmọ lórí èkejì nítorí pé ó gbọ́ nípa èkíní. Ní ti kéèkì, èmi náà ní irú ọmọ yẹn. Mo sún kéèkì sí ìgbà tí a bá jáde, kí ìyá rẹ̀ ti mú un lọ kí a tó gé e. Kò ná mi ní kọ́bọ̀.

Àǹtí Peckham:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ilé ìtọ́jú ọmọdé kan ní gúúsù London ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Mo fẹ́ fi ẹnu kan ìbéèrè kejì Olùkọ́ Agége, èyí tí kò tíì sí ẹni tí ó dáhùn.

Níbí, láti ọdún 2008 ni ìlànà kan ti wà tí gbogbo ilé ìtọ́jú ọmọdé ní England gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Olúkúlùkù ọmọ ni ó ní òṣìṣẹ́ kan pàtó tí ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n àti ará ilé rẹ̀. Fún ọmọ tí ó ti pé ọdún mẹ́ta, òṣìṣẹ́ kan kò lè mójú tó ju ọmọ 8 lọ, tàbí 13 bí ó bá jẹ́ olùkọ́ tí ó gba ìwé ẹ̀rí. Ìlànà náà sì sọ pé kí a fún ọmọ tí èdè ilé rẹ̀ kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì láàyè láti máa lo èdè náà nínú eré àti ẹ̀kọ́. Mo mọ ohun tí Bàbá Ìbejì yóò sọ: owó ni. Owó ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ètò yìí. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ọmọbìnrin Yorùbá kan pé ó jọ pé orúnkún rẹ̀ kò lágbára, nítorí pé gbogbo ìgbà tí a bá fún un ní nǹkan ni orúnkún náà ń tẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi kí n tó lè ṣàlàyé fún un.

Kí ẹ má rò pé èmi gbọ́n jù ú lọ. Ní oṣù tí mo kọ́kọ́ dé, ọmọ ọdún mẹ́ta kan pè mí lórúkọ gan-an, orúkọ tí bàbá mi sọ mí, láìfi àǹtí kankan sí i. N kò dá a lóhùn. Ó pè mí títí di ọ̀sán, mo ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, mo ń sọ lọ́kàn mi pé wọn kò kọ́ ọmọ yìí rárá. Orúkọ ni wọ́n ń pe ọ̀gá wa pàápàá níbẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá ẹni tí kì í dáhùn sí orúkọ rẹ̀, èmi náà nìyí.

Ọ̀nà tí mo fi ń ya ẹ̀kọ́ ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣòro ìdàgbàsókè ni pé mo máa ń wo ibi tí àṣà kò dé. Ilé lè kọ́ ọmọ pé kí ó má wo àgbà lójú. Kò sí ilé tí ó ń kọ́ ọmọ pé kí ó má wo ojú ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣeré. Nítorí náà, ẹ kúrò níwájú rẹ̀, ẹ lọ jókòó síbi tí kò ti ní kà yín sí, kí ẹ sì máa wò ó. Bí ó bá rí ẹyẹ tàbí mọ́tò ńlá, ǹjẹ́ ó ń nàka sí i kí ẹlòmíràn náà lè rí i, tàbí ọwọ́ ènìyàn ni ó ń fà bí ẹni fa irinṣẹ́ kí a lè mú nǹkan fún un? Bí ẹ̀yin bá nàka, ǹjẹ́ ó ń wo ibi tí ìka tọ́ka sí? Ṣé ó ń fi igi ṣe mọ́tò, ṣé ó ń fún ọmọlangidi lóúnjẹ, àbí ó kàn ń to nǹkan sórí ìlà ṣáá? Ṣé ó ń dáhùn sí orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé, bí ẹni tí ó ń sọ èdè ilé náà bá pè é? Ǹjẹ́ ó ti ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rí tí ó wá pàdánù rẹ̀?

Bí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú èdè tuntun, kò ṣàjèjì kí ó dákẹ́ fún oṣù mélòó kan. Ẹ ka ọ̀rọ̀ tí ó mọ̀ ní èdè méjèèjì pọ̀ kí ẹ tó sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n bí àwọn nǹkan tí mo kà wọ̀nyí bá ṣaláìsí nílé àti ní ilé-ìwé, nínú èdè yòówù kí ó jẹ́, ẹ má dúró. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn. Ọmọ tí kò gbọ́ ohùn kan tí ó sì gbọ́ òmíràn wà, ìdérí agolo kò tó láti fi dán etí wò, ẹ má bínú. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé "bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn", ẹ bi í pé àwọn wo ni "wọ́n", kí ẹ sì lọ bi ìyá-àgbà ọmọ náà.

Ọmọ Àgbádárìgì:

Mo kí gbogbo yín. Ègùn ni mí. Mo rí i tí Olùkọ́ Agége kọ "ọmọ Ègùn méjì" tí ó sì kọjá lọ, n kò sì bá a wí, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń ṣe fún wa nìyẹn: ọ̀pọ̀ wa gbọ́ Yorùbá dáadáa, nítorí náà olùkọ́ kì í mọ̀ pé èdè mìíràn wà nílé. Èdè tí wọ́n ń sọ ní Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin ni ìyá-àgbà mi fi tọ́ mi. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ ní kíláàsì, àǹtí mi sọ pé kí n sọ èdè gidi.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí ti di eré ìdárayá lọ́wọ́ ìjọba. Ìlànà ẹ̀kọ́ ọdún 1977 sọ pé èdè abínibí ọmọ tàbí èdè àdúgbò ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní Ilé-Ifẹ̀ fún odindi ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2018, ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin pé kí gbogbo ilé-ìwé máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Ní November 2022, ìjọba àpapọ̀ ní èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní November 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. N kò lòdì sí òfin Yorùbá ti Èkó, mo ń kọ ọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n ní kíláàsì Agége yẹn, èwo ni èdè àdúgbò? Bí ẹ bá jáde sí ọjà, Yorùbá ni. Bí ẹ bá yà sí ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, Haúsá ni.

Nítorí náà, n kò retí kí olùkọ́ kan máa kọ́ni ní èdè márùn-ún. Ohun tí mo retí ni kí ó mọ ọ̀rọ̀ bíi mẹ́fà nínú èdè kọ̀ọ̀kan tí ó wà níwájú rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń lò nígbà tí nǹkan bá ní ín lára. Fún Haúsá: ruwa ni omi, fitsari ni ìtọ̀, yunwa ni ebi, ciwo ni ìrora. Fún Ìgbò: mmiri ni omi, mamiri ni ìtọ̀, agụụ ni ebi. Ẹ kọ wọ́n sára ògiri ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì yín, kì í ṣe fún àwọn ọmọ, fún ara yín ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ olùkọ́ gbé ife ògì kan wọ kíláàsì, ó bi àwọn ọmọ pé kí ni èyí. Ògì, akamu, koko. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Nígbà tí ó gbé àkàrà jáde, Yorùbá àti Ìgbò fẹnu kò, àwọn ọmọ Haúsá ní kosai ni. Ó ní òun kò tíì rí ọjọ́ tí wọ́n sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe Ọjọ́ Àṣà, Ọjọ́rú lásán ni.

Olùkọ́ Agége:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo béèrè, mo fẹ́ kí ọwọ́ mi kan nǹkan kí n tó padà wá.

Mo bi ẹ̀gbọ́n ọmọ náà tí wọ́n jọ ń gbélé, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, tí ó wà ní kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀: "Baba." Bí Màmá Ìbàdàn ti wí gẹ́lẹ́. Ní ọjọ́ Ajé, nígbà tí mo kan orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà, mo pe "Baba", ó sì gbójú sókè, ó ní "na'am!" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín pé àǹtí ń pe ọmọdé ní bàbá. Kí n tó bá wọn wí, ọmọbìnrin kan dìde, ó ní òun ni Ìyá nílé tiwọn. Mo ti la ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ gbogbo wọn nínú rẹ́jísítà fún orúkọ ilé. Ó ku ọmọ mọ́kànlá tí n kò tíì rí tiwọn kọ.

Mo jókòó sí ẹ̀yìn bí Àǹtí Peckham ti ní kí n ṣe. Ọkọ̀ òfuurufú tí ń lọ sí Ìkẹjà máa ń fò lókè wa, ọmọ náà sì ni ó ń kọ́kọ́ nàka sí i, tí ó ń fa ọmọ Ìgbò tí ó jókòó tì í láṣọ kí ó lè wò ó. Mo ti fi ìlà mìíràn pa àwọn ìlà tí mo fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo jókòó sí náà ni mo ti rí ọmọ mìíràn. Ọmọ Yorùbá ni, àdúgbò kan náà ni wọ́n ti tọ́ èmi àti ìyá rẹ̀. Láràárọ̀ ni ó ń kúnlẹ̀ kí mi, "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí," n kò sì fi ojú ìwé àkíyèsí wò ó rí, nítorí pé kò sí ohun tí ó ṣàjèjì sí mi lára rẹ̀. Nígbà tí mo fi ìbéèrè Àǹtí Peckham wò ó, mo rí i pé kì í nàka, kì í wo ibi tí ẹlòmíràn nàka sí, ohun tí mo bá sì bi í ni ó ń sọ padà fún mi bí mo ti sọ ọ́. Mo pe ìyá rẹ̀, a jókòó, ó sọ fún mi pé òun ti ń fura láti ọdún tí ó kọjá, ṣùgbọ́n ó rò pé bí nǹkan bá wà níbẹ̀, èmi ì bá ti sọ. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń lọ yẹ etí rẹ̀ wò.

Ọmọ Àgbádárìgì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀yin ń pe omi, kí ni ẹ sì ń pe ìtọ̀? Mo bi àwọn ọmọ Ègùn mi méjèèjì, wọ́n kàn ń wo ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.